Ínsúlínì Tí Bàbá Moyin Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Ganiat, kó sọ lójú rẹ̀ pé nǹkan kan ti di ohun àdànù. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ta gwanjo, ìyẹn aṣọ òkìríkà, ní Kasuwan Barci, ọjà kan ní Tudun Wada ní Kaduna, níbi tí wọ́n bí i sí. Bí wọ́n bá tú béèlì tuntun, àfi bíi pé ọdún dé ni. Á na ẹ̀wù sókè sí oòrùn, á fa abíyá rẹ̀ wò bóyá okùn rẹ̀ ṣì le, á gbé ọrùn rẹ̀ sí imú, kó sì tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti mọ ẹni tó máa rà á. Èyí jẹ́ ti ìyàwó ọ̀gá báńkì, tó máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Dubai ni wọ́n ti rà á fún òun. Èyí jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ná an títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu èèyàn. Èyí tó ti gbó kọjá àlà, àwọn mẹkáníìkì máa fi nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ kì í tàsé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Moyinọlá, àkọ́bí rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àwọn ọmọ bá jókòó pẹ́ jù lójú kan nínú ilé, màmá àwọn máa tà wọ́n. Ṣùgbọ́n gwanjo yẹn náà ló rán Moyinọlá níwèé títí tó fi dé ìlú òyìnbó, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Gwanjo yẹn náà ló gbé ilé ró nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Abdulkareem, ọkọ Ganiat, tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ lápá Kudenda kógbá sílé. Bàbá Moyin ni gbogbo àdúgbò ń pe Abdulkareem. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹlẹ́fẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ lọ, àtọ̀gbẹ dé, ẹ̀fẹ̀ kò lọ.

Ínsúlínì ló ń gún, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Oògùn náà funfun bíi mílíìkì. Bàbá Moyin á mú ìgò kékeré náà jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, á máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí gbogbo rẹ̀ á fi pò dọ́gba, kó tó fa èyí tó fẹ́ lò sínú abẹ́rẹ́. Ganiat kò fẹ́ràn àtimáa wo ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti ń wọlé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àtimáa wo bó ṣe ń yí ìgò náà, nítorí pé ìgbà yẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ máa ń dákẹ́.

Ní ọdún kan, Moyinọlá rí i níbi iṣẹ́ pé àwọn ọmọ arúgbó kan fẹ́ da ẹ̀rọ tó ń fún ínsúlínì sára bàbá wọn nù, torí pé wọ́n ti fún un ní tuntun. Ó tọrọ rẹ̀, ó di í dáadáa, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Inú Ganiat dùn débi pé ó ń fi han àwọn aládùúgbò. Ó ṣáà jẹ́ gwanjo náà! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ní okùn rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ kò sí ní Kaduna, òun kò sì mọ ẹni tó máa kọ́ bàbá bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bàbá Moyin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi rán mọ́tò sí mi," ló wí, "ó gbàgbé láti fi títì ránṣẹ́."

Ó gbé e kọ́ sára ìṣó nínú yàrá, ó sì ń bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àtọ̀gbẹ ló pa á níkẹyìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó kírun Jímọ̀ tán, ó jókòó sí ìta láti bá àwọn ènìyàn ṣàwàdà, orí ìjókòó yẹn ló sì ti ṣubú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Ganiat wọ aṣọ opó, ó sì jókòó sílé bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ní jáde àfi bí ó bá di dandan.

Kí wọ́n tó tú ká níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Bàbá Adédàpọ̀, ẹ̀gbọ́n Abdulkareem, ti pè láti Ọ̀fà. Ara rẹ̀ kò yá, kò lè wá lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá Moyin, amana ni o, ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ rẹ ni," ló wí. "Ohun tó bá jẹ́ ti àbúrò mi, bó ṣe ṣíbí ni, kó má ṣe jáde nínú ilé yẹn títí màá fi dé, ká pín in bí Ọlọ́run ṣe ní ká pín in. Ohun ọmọ òrukàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú."

"Mo gbọ́, Bàbá. Kò séwu."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó gbọ́ jù. Ẹ̀wù wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀, rédíò wà níbẹ̀, kò sí èyí tó máa bàjẹ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n Moyinọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ínsúlínì tó pọ̀ ránṣẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó kú ni, páálí rẹ̀ sì kún ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì. Ìgbà ooru ni, nẹ́pà sì ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n. Fíríìjì a máa làágùn bí ẹni tó ru ẹrù. Ọkàn Ganiat kò balẹ̀. Bí oògùn yìí bá bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí lòun máa wí fún Ọlọ́run? Ọ̀kan lára nǹkan tó ń tà nílé ni yìnyín, ó sì ní fíríìsà ńlá kan tó lè di òtútù mú fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí iná. Ó kó gbogbo páálí náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó to yìnyín lé e lórí. Ẹran tó bá dì kì í bàjẹ́. Ẹja tó bá dì kì í bàjẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tó bá a pé ó le gbagidi bí òkúta, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì ní, "Alhamdulillah, amana wà níbẹ̀."

Nígbà tí ara Bàbá Adédàpọ̀ yá, ó dé pẹ̀lú alfa, wọ́n sì pín ogún náà láìsí ariwo. Ibi ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́. Bàbá Adédàpọ̀ gbé e látorí ìṣó, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó rò pé irú fóònù kan ni. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ ké, bàbá jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó di ẹyín iná mú. Wọ́n ní kí wọ́n fi í pamọ́ de Moyinọlá tó fi í ránṣẹ́. Nígbà tó kan ínsúlínì, wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí àtọ̀gbẹ lára ọ̀kankan nínú àwọn tó ń jogún. Alfa ní bí ọkàn gbogbo wọn bá fà sí i, kí wọ́n fi ṣe sàárà fún òkú. Gbogbo wọn ní ó fà sí i.

Ganiat ti mọ ẹni tó máa gbé e fún kí alfa tó panu dé. Zulaiha, aránṣọ tó ń gbé ní ojúlé tó kọjú sí wọn, ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Humairah, tó wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní sẹ́kọ́ńdírì. Láti kékeré ni àtọ̀gbẹ ti mú ọmọ náà, irú èyí tó jẹ́ pé bí kò bá gún ínsúlínì, kò lè yè. Irú oògùn kan náà lòun àti Bàbá Moyin ń lò. "Ẹgbẹ́ mi" ni bàbá ń pè é, wọ́n a sì máa bi ara wọn pé abẹ́rẹ́ ta ló dun ni jù lọ́jọ́ náà. Yorùbá ni Zulaiha, Kaduna ni wọ́n bí i sí. Humairah gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Háúsá ló fi ń dáhùn bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ganiat kó páálí náà jáde láàárọ̀, ó jẹ́ kí yìnyín ara wọn yọ́, ó nu wọ́n gbẹ. Ó sì wá ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé wọn sí ojú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ara wọn bá ti Humairah mu. Ọjọ́ tí wọ́n kọ pé wọ́n máa bàjẹ́ ṣì jìnnà. Ìdérí kò já. Ó mú ìgò kan, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí àwọn hóró funfun wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó fi etí ìborùn nù ún, kò kúrò, inú ló wà. Kò kà á sí. Gwanjo tó dára jù lọ náà ṣáà máa ń ní òwú tó yọ.

Ó ránṣẹ́ pe Zulaiha wá sílé, Zulaiha sì kúnlẹ̀ gbà á. Ó ṣàdúrà fún òkú títí ohùn rẹ̀ fi há. Inú Ganiat sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó dá a lójú pé sàárà yẹn ti bá Abdulkareem níbi tó wà.

Kò pẹ́ tí Humairah fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú. Omi wọlé, omi jáde. Ó wá ń bì, ó sì ń mí fíìn-fíìn, ni wọ́n bá gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Morẹ́nikẹ́, tí òun àti Ganiat jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ló ń mú ìròyìn wá. Ó ní ṣúgà ọmọ náà ga débi pé ẹ̀rọ kò lè kà á mọ́. Ó ní wọ́n ti rí òkodoro ọ̀rọ̀.

"Kò gún un ni, Ìyá Moyin! Ó ń dà á nù ni! Wọ́n ní ó ń sú wọn nígbà tí wọ́n bá bàlágà. Wọ́n fún un ní ti ọsibítù níṣojú wọn, kíá ni ṣúgà wálẹ̀. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti fọ́ ọ létí."

"Kai!" ni Ganiat wí. Inú bí i gan-an. Sàárà ọkọ òun ni ọmọdé kan ń dà sínú gọ́tà?

"Wọ́n máa tú wọn sílẹ̀ lónìí. Zulaiha ní òun fúnra òun láá máa gún un láti inú àwọn èyí tí ẹ fún wọn. Ó ní bó bá sunkún, kó sunkún."

Inú tó ń bí i yẹn ni Ganiat ṣì wà nígbà tí Moyinọlá pè láti òkè òkun. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó bú Humairah, ó kẹ́dùn. Moyinọlá kò bá a bú u. Ó béèrè pé, "Màmá, ibo lẹ tọ́jú oògùn yẹn sí kí wọ́n tó pín in?"

"Inú fíríìsà mi ni. Èmi Ganiat! Ṣé màá jẹ́ kó bàjẹ́ ni? Ó le bí òkúta."

"Ó dì?"

"Ó dì dáadáa."

"Màmá," ni Moyinọlá wí, "ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ dì. Bó bá ti di yìnyín rí, ó ti kú nìyẹn. Èèyàn lè gún un ní gbogbo ọjọ́ ayé, bíi pé omi ló ń gún ni. Humairah kò parọ́."

Ganiat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, Moyinọlá ń pe "Màmá, Màmá." Ó gé ìpè náà, ó pe nọ́ńbà Zulaiha, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti pa fóònù. Bí wọ́n bá délé, tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ọmọ rẹ̀ ní oògùn tó ti kú, tí ọmọ ń sọ pé ara òun kò yá, ta ló máa gbà á gbọ́? Títí wọ́n á fi gbà á gbọ́, ọmọ lè ti lọ.

Ó ro èrò kan, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn pé kò rò ó. Ó lè rán Morẹ́nikẹ́. Kí Morẹ́nikẹ́ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má lo oògùn yẹn mọ́, pé ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, kí wọ́n ra òmíràn. Ẹ̀mí ọmọ á là, orúkọ òun náà á sì là. Orúkọ tó ti ń kọ́ láti ìgbà ọmọge, pé ojú Ganiat kì í tàsé. Sàárà ọkọ òun náà á ṣì jẹ́ sàárà. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu láti pe Morẹ́nikẹ́. Ṣùgbọ́n ìfọ́tí yẹn kò jẹ́. Ọmọ yẹn ń kú lọ lójú ara rẹ̀, ó ń bẹ wọ́n pé òun gún un, ìyá tó bí i sì fọ́ ọ létí. Bí wọ́n bá da oògùn nù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìdí rẹ̀, òpùrọ́ ni Humairah á máa jẹ́ nínú ilé yẹn.

Ganiat dìde, ó fa ìborùn bo orí, ó sì jáde sí títì nínú aṣọ opó. Àwọn obìnrin tó jókòó níwájú ilé yíjú sí i. Ọ̀kan ní, "Ìyá Moyin, ibo nínú opó?" Kò dáhùn. Ọlọ́run tó ní kó jókòó ló ní kó dìde bó bá di dandan, bí èyí kò bá sì jẹ́ dandan, òun kò mọ èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Napep lọ sí ọsibítù.

Zulaiha ti ń di ẹrù nígbà tó wọlé. Humairah kọjú sí ògiri, ó gbẹ bí igi. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Beauty, ọmọ Kàbà, ń ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ ọmọ náà nílé. Ganiat kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ó gún un," ló wí. "Zulaiha, ọmọ rẹ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo pa oògùn yẹn kí n tó gbé e fún ẹ. Mo kó o sínú fíríìsà, mo jẹ́ kó dì. Mi ò mọ̀. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Beauty na ọwọ́ sí ìgò tó wà nínú báàgì Zulaiha. Ó yí i láàárín ọwọ́, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Hóró wínníwínní wọ̀nyẹn lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

"Ó ti dì lóòótọ́," ló wí. "Ẹ wò ó. Òmíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé kò ní hàn sójú rárá. Màmá, òtútù díẹ̀ ló ń fẹ́, yìnyín ló ń pa á."

Ìgbà yẹn ni Humairah yí ojú kúrò lára ògiri.

"Na gaya miki, Mama," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Na yi allura." Mo sọ fún ẹ, Màmá. Mo gún un.

Ẹrù bọ́ lọ́wọ́ Zulaiha. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì bú sẹ́kún. Ganiat dúró, ó ń retí èébú. Ì bá wù ú kí wọ́n bú u. Zulaiha kò bú u, kò sì wojú rẹ̀.

Beauty ló sìn ín jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ganiat bi í léèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè tipẹ́: kí ni èèyàn ń fi nǹkan wọ̀nyí ṣe? Beauty ní kó kó gbogbo ínsúlínì náà padà wá, àwọn á bá a run ún. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, kó kó wọn sínú ike tó nípọn kó dé e pa, kó má dà á sórí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń tẹ̀. Pépà tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, bí wọn kò bá tíì ṣí i tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá, òun mọ ẹni tó máa lò ó, ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀rọ tó bá a mu wá pẹ̀lú rẹ̀.

"Mo tún ní ẹ̀rọ kan tó ti òkè òkun wá," ni Ganiat wí, "tó ń fún un sára fúnra rẹ̀. Mo ti fẹ́ fún ọmọ yìí náà o."

Beauty mí kanlẹ̀. "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, Màmá, ẹ má sì tà á. Ìwọ̀n ara ẹlòmíràn ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Bó bá fún ọmọ yìí ní ìwọ̀n yẹn, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ pátápátá kó má jí mọ́. Ẹ bá mi gbé e wá kí n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tàbí kí ọmọ yín dá a padà fún àwọn tó ṣe é."

Moyinọlá ní kó fi fún Beauty. Ganiat kó gbogbo rẹ̀ fún Morẹ́nikẹ́ kó bá òun kó o lọ sí ọsibítù, ó sì padà sínú opó rẹ̀. Ó pe Bàbá Adédàpọ̀, ó sọ fún un pé sàárà yẹn kò di sàárà. Bàbá ní Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ganiat ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n Zulaiha náà ńkọ́?

Zulaiha kò kí i. Kì í ṣe ìjà, kò sì sọ ohun búburú kan nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ kàn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú Ganiat kọjá lọ sára ògiri. Ganiat gbà pé ó tọ́ sí òun. Opó parí, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì rí i pé ó ń pẹ́ nídìí ẹ̀wù kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Humairah dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tòun ti ike kékeré kan lọ́wọ́. Ara ọmọ náà ti padà bọ̀ sípò. Ganiat ṣí ike náà, ó bá ìgò ínsúlínì tuntun níbẹ̀, ó sì tètè dé e padà.

"Fíríìjì wa bàjẹ́," ni Humairah wí, ní Yorùbá, èyí tó ń wọ́ tìkọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mama ní kí ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀."

"Èmi?" Ganiat na ike náà padà sí i. "Rárá o, ọmọ mi. Gbé e lọ sọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Humairah kò gbà á. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mama ní nínú gbogbo àdúgbò yìí, ẹ̀yin nìkan ni ọkàn òun balẹ̀ pé ẹ kò ní gbé e sínú fíríìsà láéláé."